Jẹnẹrétọ̀ onífésì mẹ́ta: kí ló dé tí fésì kan fi kéré, tí méjì yòókù sì ga?

Ìyá_Oníbúrẹ́dì (Ìsẹ́yìn), Ọjọ́ Ajé, 9:14 àárọ̀

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o, gbogbo ẹ̀yin ará ilé wa. Ilé búrẹ́dì ni mo ń ṣe ní Ìsẹ́yìn, ó sì ti pé ọdún 11 báyìí. Jẹnẹrétọ̀ onífésì kan ni a ń lò tẹ́lẹ̀. Nígbà tí mo ra míkísà ńlá tí a fi ń po ìyẹ̀fun, tí mọ́tò rẹ̀ sì jẹ́ onífésì mẹ́ta, mo wá jẹnẹrétọ̀ tòkunbọ̀ onífésì mẹ́ta kan rà, 30 kVA ni (ìwọ̀n agbára tó lè gbé nìyẹn), wọ́n sì ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó ti wá. Oníṣẹ́ iná kan so ó mọ́ ṣéńjíòfà wa, èyí tí a fi ń yí láti iná NEPA sí ti jẹnẹrétọ̀, ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ lọ ní ìrọ̀rùn, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ Ẹtì tó kọjá ni ọ̀rọ̀ ti yí padà.

Àwọn fíríísà mẹ́ta tó wà ní ṣọ́ọ̀bù kàn ń kùn ni, wọn kò tutù. Ní yàrá tí a ń kó ìyẹ̀fun sí, iná gílóòbù ń mọ́lẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ, méjì nínú wọn sì ti jó, tẹlifíṣàn tó wà níbẹ̀ náà rùn lójijì, kò sì tàn mọ́. Ọmọ mi fi mítà wọ̀n ọ́n ní bọ́ọ̀dù tí a ti ń pín iná: fésì pupa (ọ̀kan nínú wáyà mẹ́ta tó ń gbé iná wá) sí nútírà (wáyà tí iná ń gbà padà) jẹ́ fóltì 171, yẹ́lò jẹ́ 270, búlúù jẹ́ 262. Bí NEPA bá mú iná wá, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á sún mọ́ra wọn, kò sí wàhálà kankan.

Ohun tí kò yé mi rárá ni pé míkísà yìí, tó jẹ́ pé òun ló wúwo jù nínú ohun tí a ń lò, kò ṣàìsàn kankan. Agbára rẹ̀ pé. Àléébù rẹ̀ kan ṣoṣo ni pé bí ó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni a tàn, ó ń yí sódì, ìyẹ̀fun á máa gun òkè dípò kí ó máa lọ sísàlẹ̀; láti ọjọ́ kìn-ín-ní ni ó ti rí bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ iná NEPA, yíyí rẹ̀ tọ́. Oníṣẹ́ iná náà ní kí n ta jẹnẹrétọ̀ yìí, kí n ra 60 kVA. Kí n tó ná owó mìíràn, mo fẹ́ kí ẹ là mí lóye bí nǹkan yìí ṣe ń ṣiṣẹ́ gan-an, nítorí mo ti rí i pé ẹni tí kò mọ ohun tó ń rà, ẹni tó ń tà á ni yóò máa bá a pinnu.

Rẹ́wáyà_Mọ́kọ́lá, Ọjọ́ Ajé, 9:40 àárọ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, Màmá. AVR ni ó bàjẹ́. Òun ni ó ń ṣàkóso iye fóltì tí jẹnẹrétọ̀ ń mú jáde, bí ó bá sì ti ya wèrè, bí ẹ ṣe rí i yẹn ni ó máa ń ṣe: yóò lọ sókè níhìn-ín, yóò wálẹ̀ lọ́hùn-ún. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má ta jẹnẹrétọ̀.

Tádé_Ṣakí, Ọjọ́ Ajé, 10:22 àárọ̀

Màmá, ẹ jọ̀ọ́, kí ni àwọn ohun tó wà lórí fésì pupa? Mo béèrè nítorí àṣìṣe tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣe ni pé wọ́n gbà pé 30 kVA wà lórí fésì kọ̀ọ̀kan. Kò rí bẹ́ẹ̀. Àròpọ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni 30. 10 péré ni ó kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, èyí tí í ṣe nǹkan bí áńpù 43. Kódà kVA kọ́ ni kW: bí wọ́n ṣe sábà máa ń kọ ọ́ sára àwọn ẹ̀rọ yìí, ìdá 0.8 rẹ̀ ni ẹ ó lò, ìyẹn ni pé 30 kVA yín jẹ́ 24 kW. Bí ẹ bá ti kó fíríísà mẹ́ta, máṣíìnì tí ń gé búrẹ́dì, àti áyọ́ọ̀nù ilé sórí pupa nìkan, ẹ̀ ń fìyà jẹ ẹ́ nígbà tí àwọn méjì yòókù ń sinmi. Ẹ pín ẹrù náà dọ́gbadọ́gba.

Ìyá_Oníbúrẹ́dì, Ọjọ́ Ajé, 10:51 àárọ̀

Àwọn tí ẹ kà yẹn gan-an ló wà lórí pupa, àyàfi áyọ́ọ̀nù. Kò sí ohun púpọ̀ lórí yẹ́lò àti búlúù, gílóòbù àti fáànù ni, pẹ̀lú tẹlifíṣàn tó ti kú.

Olùkọ́_Físíìsì, Ọjọ́ Ajé, 1:35 ọ̀sán

Ẹ kú ọrọ̀ ajé, Ìyá wa. Àwọn tó ti sọ̀rọ̀ ṣáájú mi kò ṣàìgbìyànjú, ṣùgbọ́n Ìyá béèrè bí nǹkan náà ṣe ń ṣiṣẹ́, kò sì tíì sí ẹni tó dáhùn ìyẹn. Bí a bá sì mọ̀ ọ́n, a ó rí i pé kò lè jẹ́ AVR.

Ẹ jẹ́ kí a wo inú rẹ̀. Láti ọdún 1831 tí Michael Faraday ti fi hàn án ni a ti mọ̀ pé bí òòfà bá ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà bàbà tí a ká, iná yóò máa jáde nínú wáyà náà. Àárín jẹnẹrétọ̀ yín ni irin kan wà tí ẹ́ńjìnnì ń yí, rótọ̀ ni wọ́n ń pè é. A ká wáyà mọ́ ọn, a sì ń rán iná tí kì í yí ọwọ́ padà, irú ti bátìrì, gba inú wáyà yẹn kọjá, ìyẹn ló sọ ọ́ di òòfà. Ohun tó yí rótọ̀ ká, tí kì í yí rárá, ni sitétọ̀, òun sì ni a ká wáyà mìíràn sí ní ọ̀nà mẹ́ta, tí ọ̀nà kọ̀ọ̀kan wà ní ipò tirẹ̀ lórí àyíká náà, wọ́n sì jìnnà síra ní ìwọ̀n 120 nínú 360 tí àyíká kan ní. Bí òòfà bá ti ń yí, ó ń kan ilẹ̀kùn ọ̀nà kìn-ín-ní, ó kan ti èkejì, ó kan ti ẹ̀kẹta, ó tún padà sí ti ìkíní. Òòfà kan náà ni, ìgbà tó ń dé ọ̀dọ̀ wọn ni kò dọ́gba.

Ẹ ronú nípa àwọn obìnrin mẹ́ta tó ń gún iyán nínú odó kan. Wọn kì í jùmọ̀ sọ ọmọ odó sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà; bí ti ẹnìkan bá ń lọ sókè, ti ẹlòmíràn ń bọ̀ wálẹ̀, ìró odó náà kì í sì í dáwọ́ dúró. Jẹnẹrétọ̀ onífésì kan dà bí ẹnìkan tó ń dá gún un: àlàfo máa ń wà láàárín ìró kan àti èkejì. Ìdí nìyẹn tí mọ́tò ńlá fi fẹ́ràn fésì mẹ́ta, agbára tó ń bọ̀ sọ́dọ̀ rẹ̀ kò ní àlàfo.

Ẹ̀yìn wáyà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni a dì pọ̀ sójú kan, ojú yẹn ni a ti ń mú nútírà jáde. Orí wọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni pupa, yẹ́lò àti búlúù. Láti fésì kan sí nútírà, fóltì 230 tàbí díẹ̀ sókè ni. Láti fésì sí fésì, ẹnìkan lè rò pé yóò jẹ́ 460, ṣùgbọ́n nítorí pé ìgbà tí wọ́n ń dé góńgó kò dọ́gba, 1.732 ni a fi ń sọ ọ́ di púpọ̀, kì í ṣe 2, èyí ni ó fi jẹ́ 400.

Wàyí o, AVR. Ohun tí AVR ń ṣe ni pé ó ń wo iye fóltì tó ń jáde, bí ó bá kéré, ó máa fi kún iná tó ń sọ rótọ̀ di òòfà. Bí ó bá pọ̀, ó máa dín in kù. Rótọ̀ kan ṣoṣo ló sì wà. Bí òòfà náà bá le sí i, fésì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò gòkè; bí ó bá rọ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni yóò wálẹ̀. Kò sí ọwọ́ tí AVR yóò fi gbé yẹ́lò lọ sí 270 kí ó tún fi ti pupa sí 171.

Ẹ bá mi ní kí ọmọ yín wọn nǹkan méjì. Èkíní, ní bọ́ọ̀dù yẹn, kí ó wọn fésì sí fésì: pupa sí yẹ́lò, yẹ́lò sí búlúù, búlúù sí pupa. Èkejì, kí ó wọn fésì kọ̀ọ̀kan sí nútírà ní ẹnu jẹnẹrétọ̀ gan-an. Kí ó ṣọ́ra o, fóltì 400 kì í ṣe ohun tí à ń fọwọ́ dẹngbẹrẹ mú.

Rẹ́wáyà_Mọ́kọ́lá, Ọjọ́ Ajé, 2:10 ọ̀sán

Olùkọ́, ẹ kú àlàyé. Mo bọ̀wọ̀ fún ìwé, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ni mo fi ń ṣe é. Mo ti pààrọ̀ AVR fún oníbàárà kan tí tirẹ̀ ṣe báyìí gẹ́lẹ́, ó sì dáwọ́ dúró lọ́jọ́ náà.

Olùkọ́_Físíìsì, Ọjọ́ Ajé, 2:26 ọ̀sán

Mi ò ní ẹ parọ́. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ṣé ẹ kò tú ẹnu àwọn wáyà ńlá, kí ẹ sì tún wọn dì? Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé sípánà yín ló wo àìsàn náà sàn, kì í ṣe AVR.

Adé_Lọ́ńdọ̀nù, Ọjọ́ Ajé, 6:48 ìrọ̀lẹ́

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbàgbé pé láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni jẹnẹrétọ̀ náà ti wá. Iṣẹ́ iná ni mò ń ṣe níhìn-ín. Tẹ́lẹ̀ rí, pupa, yẹ́lò àti búlúù ni fésì, dúdú sì ni nútírà, bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n nílé. Láti ọdún 2004 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí yí i padà, láti 2006 sì ni ó ti di dandan fún iṣẹ́ tuntun: àwọ̀ igi, dúdú àti eérú ni fésì báyìí, búlúù ni nútírà. Ẹ wò ó, dúdú tó jẹ́ nútírà láyé àtijọ́ ti di fésì, búlúù tó jẹ́ fésì sì ti di nútírà! Bí oníṣẹ́ iná náà bá bá kébù tuntun lára jẹnẹrétọ̀ yẹn, tó sì fi ojú àtijọ́ wò ó, ó lè ti so búlúù mọ́ ibi tí kò yẹ. Mo fura sí i.

Bàbá_Amúnáwá, Ọjọ́ Ajé, 9:05 alẹ́

Ẹ kú alẹ́ o, ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ kú ìnáwó, Ìyá Oníbúrẹ́dì. Iléeṣẹ́ amúnáwá ni mo ti ṣiṣẹ́ fẹ̀yìntì. N ó fi díẹ̀ kún un, n ó sì ṣàtúnṣe díẹ̀.

Adé, ìkìlọ̀ rẹ dára, mo sì fẹ́ kí gbogbo ẹni tó bá ń ra tòkunbọ̀ kà á. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ohun tó ṣẹlẹ̀ níhìn-ín nìyẹn. Bí wọ́n bá ti fi fésì kan sí àyè nútírà, 400 ni mítà ìbá kà lórí méjì nínú fésì wọn, gbogbo ohun tó wà nílé ìbá sì ti jóná lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Ti Ìyá gbé ọ̀sẹ̀ kan kí ó tó bẹ̀rẹ̀.

Olùkọ́, àlàyé rẹ nípa ọmọ odó mẹ́ta dùn mọ́ mi, àmọ́ ibì kan wà tí kò ti bá a mu. Ọmọ odó kì í gún nǹkan nígbà tó bá ń lọ sókè, iná sì ń ṣiṣẹ́ ní àlọ àti ní àbọ̀. Bákan náà, 120 tí o sọ yẹn, ìwọ̀n ti iná ni, kì í ṣe ti irin ní gbogbo ìgbà. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì bí irú èyí sábà máa ń yí ní ìgbà 1500 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 25 nìyẹn ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Ojú mẹ́rin ni òòfà rẹ̀ ní, àríwá méjì, gúúsù méjì, nítorí náà ìyípo kan ń mú àlọ-àbọ̀ méjì wá, tí ó fi jẹ́ 50, òun náà ni 50 Hz tí a ń lò ní Nàìjíríà. Bí ẹ bá tú irú rẹ̀, ìwọ̀n 60 ni ẹ ó bá láàárín ọ̀nà wáyà kan àti èkejì lára irin. Èyí tó bá ní ojú méjì péré yóò yí ní 3000. Ní Kainji, omi ni ó ń yí rótọ̀, omi kì í sì í sáré bí dísẹ́ẹ̀lì. Òòfà tó bá ń yí ní ìgbà 125 péré ní ìṣẹ́jú kan, ojú 48 ni yóò ní kí ó tó lè mú 50 Hz wá.

Ọ̀rọ̀ nútírà ni mo fẹ́ gbé dúró lé. Ẹ fojú inú wò ó pé àwọn ọkùnrin mẹ́ta dúró sí ìkángun mẹ́ta lórí pápá, wọn kò sì lè kúrò lójú kan. Ọ̀kọ̀ọ̀kan di okùn mú, okùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì so mọ́ òrùka irin kan láàárín. Bí agbára tí wọ́n fi ń fà á bá dọ́gba, òrùka náà yóò dúró sí àárín gbùngbùn, kódà bí nǹkan kan kò bá dì í mú. Ṣùgbọ́n ẹrù ilé wa kì í dọ́gba, ìdí nìyẹn tí a fi gbá èèkàn mọ́lẹ̀ gba inú òrùka náà. Bí ẹnìkan bá fà á jù, èèkàn ni yóò gba ìyókù. Bí èèkàn bá hú ńkọ́? Òrùka yóò tọ ẹni tó fa okùn jù lọ. Ó sún mọ́ onítọ̀hún, ó jìnnà sí àwọn méjì yòókù.

Èèkàn yẹn ni nútírà. Àlàfo láti ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan sí òrùka ni fóltì tí mítà yín ń kà. Pupa yín tí fíríísà mẹ́ta wà lórí rẹ̀ ni ó ń fà jù, nítorí náà òrùka tọ̀ ọ́ lọ, fóltì rẹ̀ di 171. Yẹ́lò àti búlúù tí ẹrù wọn kò tó nǹkan sì rí 270 àti 262. Àwọn ọkùnrin mẹ́ta náà kò kúrò níbi tí wọ́n wà, ìyẹn ni pé fésì sí fésì ṣì jẹ́ 400. Míkísà, láàárín àwọn ọkùnrin yẹn ni a so ó sí, kò ní nǹkan ṣe pẹ̀lú òrùka, òun ni agbára rẹ̀ fi pé. Ìyá, ẹ̀yin fúnra yín ti sọ ojútùú yìí nínú ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí ẹ kọ.

Tádé ọmọ mi, ẹrù tí kò dọ́gba nìkan kò lè ṣe èyí. Bí nútírà bá dúró ṣinṣin, ẹrù àìdọ́gba lè fa ìyàtọ̀ fóltì mélòó kan, kì í ṣe 100. Àmọ́ òótọ́ ni pé kí wọ́n pín in, torí pé òun ló mú kí aburú náà pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Tádé_Ṣakí, Ọjọ́ Ajé, 9:31 alẹ́

Ẹ ṣé, Bàbá. Nígbà náà, ṣé kò yẹ kí wáyà nútírà nípọn tó fésì mẹ́ta papọ̀ ni, nígbà tó jẹ́ pé iná mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń gba inú rẹ̀ padà?

Bàbá_Amúnáwá, Ọjọ́ Ajé, 9:50 alẹ́

Rárá o. Ìgbà tí iná fésì kan bá wà ní góńgó àlọ, ìdajì ni ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn méjì yòókù wà ní àbọ̀, ìdajì àti ìdajì sì pé ọ̀kan. Wọ́n pa ara wọn rẹ́. Bí ẹrù bá dọ́gba, òfo ni ó ń gba nútírà kọjá. Ibi tí ó ti yàtọ̀ ni àwọn ohun tó ní ẹ̀rọ tó ń sọ iná di irú ti bátìrì nínú, gílóòbù LED, kọ̀ǹpútà, ṣájà: apá kan wà nínú iná tí wọ́n ń fà tí kì í pa ara rẹ̀ rẹ́, ńṣe ni ó ń kóra jọ sínú nútírà. Níbi tí kọ̀ǹpútà bá pọ̀ rẹpẹtẹ sí, a kì í fi wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ ṣe nútírà. Ní ilé búrẹ́dì, kí ó dọ́gba pẹ̀lú fésì ti tó.

Ìyá_Oníbúrẹ́dì, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:20 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o. Ọmọ mi ti wọ̀n ọ́n. Ní bọ́ọ̀dù, fésì sí fésì: 398, 400, 401. Ní ẹnu jẹnẹrétọ̀, fésì sí nútírà: 230, 231, 229. Ṣùgbọ́n ní bọ́ọ̀dù, ó ṣì jẹ́ 170, 271, 262.

Olùkọ́_Físíìsì, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:33 àárọ̀

Ó parí. Jẹnẹrétọ̀ yín le koko. Àárín ẹnu rẹ̀ àti ṣéńjíòfà ni nútírà ti já tàbí tó ti ń jó. Kò lè jẹ́ lẹ́yìn ṣéńjíòfà, nítorí ìbá ti bá iná NEPA náà jà.

Bàbá_Amúnáwá, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:41 àárọ̀

Ìyá, ẹ pa á báyìí-báyìí, ẹ má tàn án títí wọn yóò fi tún un ṣe. Kì í ṣe nítorí fíríísà nìkan. Bí nútírà bá já, wáyà dúdú tí gbogbo ènìyàn rò pé kò lè ṣe nǹkan yóò di wáyà tó ń gbé iná, ó lè pa ènìyàn. Kí oníṣẹ́ tó ṣí nǹkan kan, kí ó yọ ẹnu bátìrì ẹ́ńjìnnì kí ẹnikẹ́ni má baà ta á, kí ó pa iná NEPA pẹ̀lú láti ẹnu ọ̀nà, kí ó sì fi tẹ́sítà yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó fọwọ́ kàn án. Ibi mẹ́ta ni kí ó wò: bóòtù nútírà lára jẹnẹrétọ̀, ẹnu kébù nínú ṣéńjíòfà, àti ṣéńjíòfà fúnra rẹ̀, bóyá onípò mẹ́rin ni, tó ń gbé nútírà pẹ̀lú fésì mẹ́ta. Kí ó tún wò ó bóyá wọ́n so ojú nútírà jẹnẹrétọ̀ mọ́ irin tí a gbá sínú ilẹ̀.

Tádé_Ṣakí, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8:58 àárọ̀

Ti míkísà tó ń yí sódì kò le, Màmá. Kí ó ṣí ẹnu mọ́tò míkísà, kí ó fi wáyà méjì nínú mẹ́ta gba ipò ara wọn. Yóò tọ́.

Olùkọ́_Físíìsì, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 9:12 àárọ̀

Tádé, bí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀, yóò tọ́ lórí jẹnẹrétọ̀, yóò sì máa yí sódì lórí NEPA! Ẹ rántí pé ó tọ́ lórí NEPA báyìí. Òótọ́ ni pé bí wáyà méjì bá gba ipò ara wọn, mọ́tò yóò yí ìyípo rẹ̀ padà, nítorí pé ìtò tí fésì mẹ́ta fi ń dé, kìn-ín-ní, èkejì, ẹ̀kẹta, ni ó ń mú kí òòfà inú mọ́tò máa yí gba ọ̀nà kan. Bí a bá fi èkejì ṣe ìkíní, ìtò náà yí padà. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀ ni kí wọ́n ti ṣe é, ní ẹnu kébù tó ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ wọ inú ṣéńjíòfà, kí ìtò méjèèjì lè dọ́gba. Fésì méjì ni kí wọ́n pààrọ̀ o, wọn kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nútírà. Tí pọ́ǹpù kànga onífésì mẹ́ta bá wà nínú ilé, òun náà yóò jàǹfààní, torí pọ́ǹpù tó ń yí sódì kì í sábà gbé omi tó nǹkan jáde.

Ọmọ_Houston, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3:17 ọ̀sán

Mo rí ẹ̀kọ́ kọ́ níbí. Ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ fi jẹnẹrétọ̀ onífésì mẹ́ta ránṣẹ́ sí bàbá mi ní Ìlọrin láti Amẹ́ríkà. 60 Hz ni wọ́n kọ sí i, fóltì 277 àti 480, ó sì ń yí ní 1800. Wọ́n ní kò wúlò nílé. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Bàbá_Amúnáwá, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 5:02 ìrọ̀lẹ́

Ó lè wúlò, kódà irú tìrẹ ni ó rọrùn jù. Bí a bá dín ìyípo rẹ̀ kù láti 1800 sí 1500, 60 Hz yóò di 50. Bí òòfà rẹ̀ kò bá yí padà, fóltì náà yóò wálẹ̀ ní ìwọ̀n kan náà: 480 yóò di 400, 277 yóò di 231. Bí ẹni pé wọ́n ṣe é fún wa. Ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ sọ fún AVR pé 50 ni ó ń bá lò báyìí, kí o sì dín iye fóltì tí a ní kí ó máa mú wá kù sí 400. AVR tí a fi sílẹ̀ sí 60 yóò rí ìyípo 1500 bí ẹni tó ń rẹ̀, yóò sì máa fa fóltì sílẹ̀ nítorí pé a kọ́ ọ láti dáàbò bo ara rẹ̀ bí ẹ́ńjìnnì bá ń kú lọ. Gọ́fánọ̀ tó ń ṣọ́ ìyípo ẹ́ńjìnnì náà, kí wọ́n tún un ṣètò. Agbára rẹ̀ yóò dín kù tó ìdá kan nínú mẹ́fà, nítorí náà má ṣe ka iye kVA tó wà lára rẹ̀ bí ẹni pé ó pé. Èyí tó bá jẹ́ 120 àti 208 ni kí o má rà, àfi bí ẹni tó mọ̀ ọ́n bá lè tún wáyà inú rẹ̀ so.

Rẹ́wáyà_Mọ́kọ́lá, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 6:30 ìrọ̀lẹ́

Ẹ gbà mí láàyè, Bàbá, ìbéèrè kan ni. Bí ẹ bá ti ta míkísà, gbogbo gílóòbù á rẹ̀ díẹ̀, yóò sì padà. Ṣé ìyẹn kì í ṣe AVR?

Bàbá_Amúnáwá, Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:11 alẹ́

AVR ló ń mú un padà. Mọ́tò tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde máa ń fa iná tó ìlọ́po márùn-ún sí méje èyí tó ń fà nígbà tó bá ti ń yí. Iná tó ń jáde nínú sitétọ̀ náà ń sọ ara rẹ̀ di òòfà tó ń bá rótọ̀ jà, ìdí nìyẹn tí ẹ́ńjìnnì fi ń kérora tí ẹrù bá dé: gọ́fánọ̀ á fi epo kún un kí ìyípo má baà lọ sílẹ̀, AVR á fi kún òòfà kí fóltì má baà lọ sílẹ̀. Ẹni méjì ni wọ́n, iṣẹ́ wọn yàtọ̀. Ìwọ náà sì rí i pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló rẹ̀, tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì padà.

Ìyá_Oníbúrẹ́dì, Ọjọ́bọ̀, 4:45 ìrọ̀lẹ́

Mo kí gbogbo yín. Oníṣẹ́ iná mìíràn ni mo pè. Inú ṣéńjíòfà ni ó ti bá a: lọ́gì (irin tí a ń fún mọ́ ẹnu wáyà kí a tó dè é) tó wà lẹ́nu wáyà nútírà tó ti ọ̀dọ̀ jẹnẹrétọ̀ wá, wọn kò fún un dáadáa mọ́ wáyà rárá, òòlù ni wọ́n fi lù ú. Bí jẹnẹrétọ̀ ṣe ń gbọ̀n ni ó ń tú u díẹ̀díẹ̀, ó gbóná, ó sì jó di dúdú, ara rọ́bà rẹ̀ ti yọ́. Ó gé e, ó fi lọ́gì tuntun sí i pẹ̀lú irin ìfún gidi, ó sì pààrọ̀ fésì méjì ní ẹ̀gbẹ́ jẹnẹrétọ̀. Ó gbé fíríísà kan lọ sí yẹ́lò, ọ̀kan sí búlúù. Ó tún gbá irin ilẹ̀, nítorí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Mítà ní bọ́ọ̀dù báyìí: 229, 231, 232. Míkísà ń yí bó ṣe yẹ. Owó lọ́gì, irin ilẹ̀ àti iṣẹ́ ọwọ́ kò tó ìdá kan nínú ogún owó 60 kVA tí wọ́n ní kí n rà. Fíríísà méjì ti ń tutù. Ẹ̀kẹta ṣì ń kùn, mo rò pé mọ́tò rẹ̀ ti lọ.

Rẹ́wáyà_Mọ́kọ́lá, Ọjọ́bọ̀, 5:20 ìrọ̀lẹ́

Màmá, ẹ má tíì jù ú nù. Fíríísà tó bá pẹ́ lórí fóltì 171 láìdìde, ohun kékeré tí ń ta mọ́tò rẹ̀ ló sábà máa ń kọ́kọ́ kú. Kí wọ́n pààrọ̀ ìyẹn àti kàpásítọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó ra òmíràn. Olùkọ́, mo padà lọ béèrè lọ́wọ́ oníbàárà mi àná: òótọ́ ni, mo tú ẹnu wáyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́jọ́ náà.

Ìyá_Oníbúrẹ́dì, Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 7:02 àárọ̀

Ohun kékeré náà ni. Ó ti ń tutù.